Fíláàṣì Tí Wọ́n Fi Ń Sọ Kọ̀ǹpútà Tòkunbọ̀ Jí ní Ọbaléńdé

Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ní Erékùṣù Èkó yóò rántí ìgbà kan tí ọ̀rọ̀ kan gba ẹnu àwọn ọ̀dọ́ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Wọ́n ní bí kọ̀ǹpútà bá ń wọ́ bí ìgbín, kí ẹni tó ni ín má wulẹ̀ dààmú láti ra òmíràn. Kí ó ki fíláàṣì bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó tẹ ibi kan lójú rẹ̀, ara rẹ̀ yóò sì dá ṣáṣá. Àwọn kan gbà á bí ẹni gba oògùn. Àwọn mìíràn ní irọ́ pátá gbáà ni, pé àwọn tó ń ta fíláàṣì ló ń dọ́gbọ́n tajà. Lójú tèmi, kò sí èyí tó jẹ̀bi pátápátá nínú àwọn méjèèjì. Oògùn náà wà, ó sì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ àìsàn kan pàtó ni wọ́n ṣe é fún, ara ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó wà ní Ọbaléńdé nígbà náà kò sì gbà á. Bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín, nítorí ìtàn náà ju ọ̀rọ̀ fíláàṣì lọ. Ó kan irú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kó wá bá wa láti òkè òkun, ó kan iná mànàmáná, ó sì kan owó tí mẹ̀kúnnù ń ná ní díẹ̀díẹ̀ nítorí pé kò rí òbítíbitì rẹ̀ ná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Gbólóhùn odindi ni orúkọ Ọbaléńdé: ọba ló lé wa dé ibí. Ìtàn àtẹnudẹ́nu so ó mọ́ àwọn tí ìjọba ṣí nípò, pàápàá àwọn Haúsá tó jẹ́ ọmọ ogun ìjọba amúnisìn, tí wọ́n wá tẹ̀dó síbẹ̀. Bí ènìyàn bá dé ibẹ̀ lónìí, ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí: ọkọ̀ CMS, ọkọ̀ Ajah, ọkọ̀ Òṣòdì, àti àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí afárá Third Mainland tí wọ́n ṣí ní ọdún 1990. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ariwo àwọn àgbèrò, àdúgbò ìwé ni Ọbaléńdé. Ilé-ẹ̀kọ́ St Gregory's ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1928, Holy Child sì ti wà láti 1945. Ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá Kam Selem wà ní òpópónà Moloney. Bárékè Dodan kò jìnnà, níbi tí àwọn ológun ti ń ṣàkóso Nàìjíríà títí ìjọba fi kó lọ sí Àbújá ní ọjọ́ 12 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1991. Kóòtù Igbóṣeré, èyí tí iná jó ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2020 pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ìwé tí kò ní ẹ̀dà níbòmíràn, kò ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ sí ibẹ̀.

Níbi tí ọlọ́pàá, kóòtù, ilé-ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì ìjọba bá pọ̀ sí, ìwé ni oúnjẹ òòjọ́ ibẹ̀. Ẹni tí ìwé-àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ sọnù ń wá ìwé ìbúra. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ ń wá ẹni tí yóò bá a tẹ lẹ́tà. Òbí tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ ń wá ẹ̀dà ìwé-ẹ̀rí ọjọ́-ìbí. Láyé àtijọ́, àwọn atẹ̀wé tó jókòó ti táípúráítà nítòsí kóòtù ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Irin ni táípúráítà. Bí iná lọ, kò kàn án. Bí ó lo ogún ọdún, kò falẹ̀ ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ; ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ nìkan ló ń dàgbà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ èyí, nítorí kọ̀ǹpútà tó wá gba ipò rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà àti sáíbà kafé gba gbogbo ìlú ní apá ìparí ọ̀rúndún tó kọjá àti ìbẹ̀rẹ̀ èyí tí a wà yìí, àwọn atẹ̀wé rí i pé ẹ̀rọ tuntun wọn lè ṣe ohun mẹ́wàá tí táípúráítà kò lè ṣe, àmọ́ ó ń rẹ̀ ẹ́ bí ènìyàn. Ohun tó ṣe ní ìṣẹ́jú kan lọ́dún yìí, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni yóò fi ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀. Oníbàárà tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, tí ọkọ̀ rẹ̀ ń pe Ajah lẹ́yìn rẹ̀, kò ní dúró ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ọjọ́ orí àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyí gan-an ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2005, ẹgbẹ́ kan láti Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Basel Action Network gbé ìròyìn jáde lórí ohun tí wọ́n fojú ara wọn rí ní Èkó. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí kọ̀ńténà 500 ohun èlò abánáṣiṣẹ́ àlòkù ló ń gba èbúté Èkó wọlé lóṣooṣù, àti pé kọ̀ńténà kan lè kó nǹkan bí 800 kọ̀ǹpútà tàbí ojú kọ̀ǹpútà. Nínú ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn oníṣòwò, apá tó pọ̀ nínú ẹrù náà, tó lè tó mẹ́ta nínú mẹ́rin, ni kò ṣeé tà tí kò sì ṣeé tún ṣe. Ààtàn ni irú wọn ń lọ. Wọ́n tún ra àwọn háàdì díìsìkì ní Èkó, wọ́n gbé wọn lọ yẹ̀ wò, wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn tó lò wọ́n tẹ́lẹ̀ nínú wọn, bí ẹni tó ra agbádá àlòkù tó bá lẹ́tà olówó rẹ̀ nínú àpò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. A óò tún padà dé ọ̀rọ̀ àṣírí.

Èyí tó yọ nínú ẹrù náà, tó ṣì lè tàn, ni àwọn ọmọ Computer Village ní Ìkẹjà ń tún ṣe, tí wọ́n sì ń tà fún ẹni tó fẹ́ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní Ọbaléńdé. Ilé iṣẹ́ kan ní London tàbí ní New Jersey ti lò ó títí ó fi sú wọn. Kọ̀ǹpútà náà kò bàjẹ́. Ayé ló kọjá lára rẹ̀. RAM rẹ̀ lè jẹ́ 128MB tàbí 256MB, èyí tó tó nígbà tí wọ́n ṣe é, tí kò sì tó mọ́ fún àwọn ètò tí oníbàárà ń fẹ́ lónìí.

Kí ló wá ń mú irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ falẹ̀? Ẹ wo ìyá olóúnjẹ tó pàtẹ lábẹ́ afárá Ọbaléńdé. Ohun tó wà lórí tábìlì iwájú rẹ̀ ló lè bù fún oníbàárà ní kíá: ìrẹsì, ẹ̀wà, dòdò, ọbẹ̀. Bí tábìlì náà bá kéré, tí oníbàárà sì béèrè ohun tí kò sí lórí rẹ̀, àfi kó rán ọmọ lọ sílé ní Ìsàlẹ̀ Èkó kó lọ gbé e wá. Kí àyè sì tó lè gba èyí tó ń bọ̀, ọmọ náà ní láti kọ́kọ́ ru ìkòkò mìíràn kúrò lórí tábìlì padà sílé. Tábìlì yẹn ni RAM. Ilé tó wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni háàdì díìsìkì. Bí oníbàárà bá pọ̀ tí tábìlì sì kéré, ọmọ yìí yóò máa sáré lọ sáré bọ̀, ìyá yóò káwọ́ gbera láìṣe nǹkan kan, èrò yóò sì máa kùn. Nígbà tí iná kékeré iwájú kọ̀ǹpútà bá ń ṣẹ́jú láìdúró, tí ọfà orí gíláàsì sì di òbìrí tó ń yí, ọmọ yẹn ló wà lọ́nà.

Ìrìn ọmọ náà kì í sì í ṣe kékeré ní ojú kọ̀ǹpútà. Àwo onírin tó ń yí ni háàdì díìsìkì, apá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ní láti nà lọ sí ojú ibi tí ọ̀rọ̀ wà kí ó tó lè kà á, bí abẹ́rẹ́ gíráámáfóònù. Ó lè gba nǹkan bí ìdá 10 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kí apá náà tó débẹ̀. Lójú ènìyàn, kò tó nǹkan. Lójú RAM, tó ń ṣe tirẹ̀ ní ìwọ̀n tó kéré ju èyí lọ ní ọ̀nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ọdún ń gorí ọdún ni. Ọgbọ́n kí kọ̀ǹpútà máa fi ilé ìkẹ́rùsí ran tábìlì kékeré lọ́wọ́ ti pẹ́. Tom Kilburn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Manchester ti fi í sínú kọ̀ǹpútà Atlas ní ọdún 1962. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ibi tó ti ń burú ni kí ìrìn sílé pọ̀ ju oúnjẹ tí a ń bù lọ.

Ibí ni fíláàṣì ti wọ ọ̀rọ̀. Fujio Masuoka, ọmọ Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní Toshiba, ló ronú kan irú ibi ìpamọ́ tí kò ní àwo tó ń yí, tí kò sì gbàgbé nígbà tí iná bá lọ. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lágbàáyé ní ọdún 1984. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Shoji Ariizumi ló sọ ọ́ lórúkọ, nítorí bí gbogbo ohun inú rẹ̀ ṣe ń pa rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà rán an létí iná tó ń kọ mànà lórí kámẹ́rà ayàwòrán. (Ní Èkó, láti ìgbà tí fóònù alágbèéká ti dé ní ọdún 2001, ọ̀rọ̀ yìí ti ní ìtumọ̀ mìíràn: ẹni tí kò ní owó lórí fóònù yóò fíláàṣì ọ̀rẹ́ rẹ̀, yóò sì gé e kí ó tó gbé e.) Nígbà tó di ọdún 2000, ilé iṣẹ́ Trek ní Singapore àti M-Systems ní Ísírẹ́lì ti sọ ọ́ di ohun tí a lè so mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé, tí a sì lè ki bọ ihò USB. Èyí tí IBM kọ́kọ́ tà ní Amẹ́ríkà ní ìparí ọdún náà kò gbà ju 8MB lọ, ṣùgbọ́n ó ti ju díìsìkì pẹlẹbẹ ayé àtijọ́ lọ ní ìlọ́po márùn-ún.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2007, Microsoft gbé Windows Vista sórí igbá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ràn Vista, wọn kò sì jẹ̀bi. Ó wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ètò kan tó ń jẹ́ ReadyBoost sí. Ohun tó ń ṣe ni pé kí wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá olóúnjẹ. Apẹ̀rẹ̀ kì í ṣe tábìlì, kò sì lè yá tó o, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ọn ju Ìsàlẹ̀ Èkó lọ. Windows yóò da ẹ̀dà àwọn ohun tí a sábà máa ń béèrè sínú fíláàṣì; bí a bá béèrè wọn, yóò bù wọ́n níbẹ̀ dípò kí ó ránṣẹ́ sílé. Nítorí pé ẹ̀dà ni, tí ojúlówó ṣì wà nílé, bí ẹnì kan bá fa fíláàṣì yọ lójijì, kò sí ìwé tí yóò sọnù. Ètò náà tún gbọ́n ní ọ̀nà kan tí àwọn tó ń yìn ín kì í sábà mẹ́nu bà. Bí ó bá jẹ́ ẹrù ńlá kan ṣoṣo tó wà pọ̀ lójú kan ni a fẹ́ gbé, háàdì díìsìkì yára ju fíláàṣì lọ, Windows yóò sì lọ bá háàdì díìsìkì tààrà. Nígbà tí ẹrù bá jẹ́ wẹ́wẹ́, tó fọ́n káàkiri ilé, tí apá onírin ní láti máa nà síhìn-ín sọ́hùn-ún, nígbà náà ni fíláàṣì ń jàre, nítorí kò ní apá tí yóò nà.

Ó ní ìlànà tirẹ̀. Fíláàṣì náà kò gbọdọ̀ kéré sí 256MB. Ó gbọ́dọ̀ lè ka ẹrù wẹ́wẹ́ ní ìwọ̀n 2.5MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ó sì lè kọ ọ́ ní ìwọ̀n 1.75MB. Nínú Vista, kò lè lò ju 4GB lọ. Nígbà tí Windows 7 dé ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2009, ó gba fíláàṣì mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè tó 32GB. N kò tíì rí ẹni tó ki fíláàṣì mẹ́jọ bọ kọ̀ǹpútà kan rí, mi ò sì gbà pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni dán an wò.

Ṣé ó ṣiṣẹ́? Ìwé-ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì AnandTech dán an wò nígbà tí Vista dé. Wọ́n mú kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ jẹ́ 512MB, iṣẹ́ kan lórí rẹ̀ sì gba 11.7 ìṣẹ́jú àáyá. Wọ́n fi fíláàṣì kún un, ó di 2. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn, kò sì sí ẹni tí yóò pe àwọn tó sọ pé ó ń ṣiṣẹ́ ní òpùrọ́. Ṣùgbọ́n ìdánwò náà kò tán síbẹ̀. Wọ́n yọ fíláàṣì kúrò, wọ́n sọ RAM di 1GB, iṣẹ́ kan náà wá gba 0.8 péré. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tábìlì tó fẹ̀ ṣì sàn ju apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gbẹ́ lọ. Bí RAM bá ti pọ̀ tó fún iṣẹ́ tí à ń ṣe, fíláàṣì kò ní ohun púpọ̀ tí yóò ṣe mọ́.

Ẹni tó bá ní owó RAM kò nílò fíláàṣì, nígbà náà. Ìdí tí ọ̀rọ̀ fíláàṣì fi wọ àwọn ará wa létí ni pé RAM kò rọrùn láti rà. Ní ọdún 2007, 1GB fíláàṣì wọ́n kéré sí 1GB RAM. Fún ẹni tó ń lo tòkunbọ̀, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí oríṣiríṣi ni RAM. Èyí tó bá ẹ̀rọ àtijọ́ mu ti di ohun tí wọn kò ṣe púpọ̀ mọ́, ẹni tó bá sì ń ta ohun tí kò wọ́pọ̀ mọ́ yóò ta á bí ó ṣe wù ú. Fíláàṣì wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Àwọn tó ń kiri ọjà láàárín ọkọ̀ ń tà á pọ̀ mọ́ okùn fóònù àti bátìrì. Ó tún ní iṣẹ́ mìíràn: kọ̀ǹpútà kú o, fíláàṣì kò kú, olówó rẹ̀ yóò gbé e lọ sí ibòmíràn. Èmi kò rí ìwà òmùgọ̀ kankan nínú kí ènìyàn yan ohun kékeré tí owó rẹ̀ ká.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti wá wọ́ ni kọ̀ǹpútà tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ìtọ́jú. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Èkó ń lo Windows XP, tó ti wà láti ọdún 2001, XP kò sì ní ReadyBoost nínú rárá. Ètò kan tó ń jẹ́ eBoostr wà tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí XP, ṣùgbọ́n ètò títà ni. Ẹni tó bá fẹ́ lo ti Microsoft gbọ́dọ̀ kó Vista sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, Vista fúnra rẹ̀ sì ń béèrè RAM 512MB kí ó tó lè jókòó, 1GB kí ó tó lè nasẹ̀. Ẹ wo bí ó ti rí: ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń falẹ̀ nítorí RAM kékeré ní láti kọ́kọ́ gbé ẹrù tó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lé e lórí, kí ó tó lè rí oògùn ìfàsẹ́yìn náà lò.

Ìṣòro kejì fara pa mọ́ sínú ihò USB. Àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ṣáájú USB 2.0, tó jáde ní ọdún 2000, ń lo USB 1.1. Bí ihò yẹn bá sáré débi tí ẹ̀mí rẹ̀ fẹ́ bọ́, kò lè kọjá 1.5MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. ReadyBoost sì ń béèrè 2.5MB. Kọ̀ǹpútà tó dàgbà jù, tó sì nílò ìrànlọ́wọ́ jù, ni ètò náà yóò dán wò tí yóò sì kọ̀, yóò ní fíláàṣì yìí kò yára tó. Oní-kọ̀ǹpútà yóò rò pé fíláàṣì ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, yóò lọ ra òmíràn, kọ̀ǹpútà yóò tún kọ ìyẹn náà. Ọ̀pọ̀ ìjà tó wáyé láàárín oníbàárà àti àwọn tó ń ta fíláàṣì ìbá má wáyé bí ẹnì kan bá ti ṣàlàyé èyí.

Ìṣòro kẹta ni mo kà sí èyí tó ṣe pàtàkì jù fún wa, kò sì sí nínú àwọn ìwé ìlò tí wọ́n kọ ní òkè òkun, nítorí kò kàn wọ́n. Mo ní a óò padà dé ọ̀rọ̀ àṣírí. Microsoft ronú pé bí ẹ̀dà iṣẹ́ ènìyàn bá wà nínú fíláàṣì, olè lè fà á yọ lọ. Nítorí náà, ohunkóhun tí Vista bá kọ sínú rẹ̀, ó máa ń fún un pọ̀ kí ó má gba àyè, á sì fi kọ́kọ́rọ́ AES tì í pa. Kọ́kọ́rọ́ náà kì í pẹ́. Vista ń rọ òmíràn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tan kọ̀ǹpútà. Èyí dára púpọ̀ fún ìpamọ́, ó sì yẹ kí àwọn tó ta háàdì díìsìkì wọn sí Èkó láìpa ohun inú rẹ̀ rẹ́ kọ́gbọ́n níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e wá sí Ọbaléńdé. Bí wọ́n bá pa kọ̀ǹpútà tí wọ́n tún tàn án, gbogbo ohun tó ti kó sínú apẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ di ohun tí kò sí kọ́kọ́rọ́ fún mọ́. Àfi kí ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó o láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ìlú tí kọ̀ǹpútà ti ń tàn láàárọ̀ tí kì í kú títí di alẹ́, kò sí wàhálà. Ní ṣọ́ọ̀bù tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́jọ́, tí wọ́n sì ní láti fa okùn jẹnẹrétọ̀ kékeré kí iṣẹ́ tó tẹ̀síwájú, fíláàṣì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí àyè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ rà á. Èkó ti ní iná mànàmáná láti ọdún 1896, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ Vista kò lè mọ irú iná tó jẹ́.

Àwọn tó jàǹfààní nínú rẹ̀ ní tòótọ́ ni àwọn tó ra kọ̀ǹpútà alágbèéká láàárín ọdún 2007 sí 2010, tí Vista ti wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, tí RAM rẹ̀ jẹ́ 512MB tàbí 1GB. USB 2.0 wà lára rẹ̀, bátìrì rẹ̀ kì í jẹ́ kó kú nígbà tí iná bá lọ, háàdì díìsìkì rẹ̀ sì lọ́ra ju ti orí tábìlì lọ. Nínú ọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò àti lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni irú rẹ̀ pọ̀ sí. Ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ̀rí rere ti jáde, tó sì dé etí àwọn tó ń lo tòkunbọ̀.

Kò yẹ kí n fo ibi tí fíláàṣì ti ṣe wá ní jàǹbá. Ohun kan náà tí wọ́n ní ó ń sọ kọ̀ǹpútà jí ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà gbé lẹ́tà rẹ̀ wá nínú fíláàṣì, Windows ayé ìgbà náà sì máa ń ṣí ohun tó bá nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀ láìdúró gba àṣẹ. Conficker jáde ní oṣù Bélú ọdún 2008; kò pẹ́ tí ẹ̀yà rẹ̀ kan fi kọ́ bí a ti ń gun fíláàṣì. Irú èyí tó ń sọ gbogbo fódà di ọ̀nà àbùjá tí kò lọ síbi kankan tún wọ́pọ̀ débi pé kò sí atẹ̀wé tí kò bá a jà rí. Oṣù Èrèlé ọdún 2011 ni Microsoft tó fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí XP àti Vista kí wọ́n má ṣe ṣí fíláàṣì fúnra wọn mọ́. Kọ̀ǹpútà tí kì í lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kò rí àtúnṣe náà gbà. Fáírọ́ọ̀sì sì wà lára ohun tó ń mú kọ̀ǹpútà falẹ̀, nítorí náà ẹlòmíràn fi fíláàṣì wo àìsàn tí fíláàṣì gbé wá.

Ayédèrú náà kò gbẹ́yìn. Wọ́n á kọ 64GB sí ara fíláàṣì tí inú rẹ̀ kò ju 4GB lọ, wọ́n á sì kọ́ ọ ní irọ́, kí ó lè sọ 64GB fún kọ̀ǹpútà tó bá bi í. Títí ó fi kún, ohun gbogbo á dà bí ẹni pé ó dára. Lẹ́yìn náà ni tuntun á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àtijọ́. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó kó iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ sínú rẹ̀ ni yóò sọ bí ó ti dùn tó.

Kí ló pa ReadyBoost? Ohun méjì, kò sì sí èyí tó jẹ́ àrékérekè. RAM pọ̀ sí i, owó rẹ̀ sì wálẹ̀, títí kọ̀ǹpútà tó ní 4GB fi di ohun tí gbogbo ènìyàn ń rà. Èkejì ni SSD, háàdì tí kò ní àwo tó ń yí. Fíláàṣì náà ni, ọmọ Masuoka kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e wọ inú ilé, wọ́n sì fún un ní ọ̀nà tó fẹ̀. Ìyẹn ni pé wọ́n kó gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó wá sábẹ́ afárá. Apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kò wúlò mọ́. Bí a bá ki fíláàṣì bọ kọ̀ǹpútà tí SSD rẹ̀ yára, Windows fúnra rẹ̀ yóò sọ pé kọ̀ǹpútà yìí ti yára débi pé ReadyBoost kò ní fi nǹkan kan kún un.

Síbẹ̀ ìtàn àwọn kọ̀ǹpútà arúgbó kò tíì tán ní Èkó. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní èbúté Èkó ní ọdún 2015 àti 2016 fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ohun èlò abánáṣiṣẹ́ àlòkù ló ń wọlé lọ́dún kan, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń bọ̀ nínú ikùn ọkọ̀ tòkunbọ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún Windows 10 dúró. Windows 11 tó gba ipò rẹ̀ ń béèrè RAM 4GB, ó sì ń béèrè ohun ààbò kan tó ń jẹ́ TPM 2.0, èyí tí kò sí nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àwọn tó ti ṣe Vista ní ọdún 2007 yóò mọ ohùn orin yìí.

Ẹni tó bá ní irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ lónìí kò nílò kí ẹnikẹ́ni ta oògùn fún un kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe é. Kí ó tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń falẹ̀. Yóò rí òpó kan fún Memory, yóò rí òmíràn fún Disk. Bí Memory bá ti kún dé góńgó, RAM ni kí ó wá. Bí Disk bá wà ní 100% tí Memory kò sì kún, tó sì jẹ́ háàdì díìsìkì onírin ló wà nínú rẹ̀, SSD ni kí ó fi rọ́pò rẹ̀, ìyàtọ̀ tí yóò rí yóò ju ti fíláàṣì èyíkéyìí lọ. Bí owó kò bá tíì sí fún méjèèjì, tí RAM kò ju 1GB tàbí 2GB lọ, tí háàdì rẹ̀ sì jẹ́ onírin, fíláàṣì ṣì lè ràn án lọ́wọ́ díẹ̀: kí ó tẹ apá ọ̀tún lórí orúkọ fíláàṣì, kí ó ṣí Properties, ReadyBoost wà níbẹ̀ lórí Windows 7 àti Windows 10. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí mo fẹ́ràn jù ú lọ, ìyẹn ni kí a kó Linux tó fúyẹ́, bíi Puppy, sínú fíláàṣì náà kí kọ̀ǹpútà sì máa tàn láti inú rẹ̀. Fún lẹ́tà títẹ̀ àti ìwé kíkà, ó tó, kò sì ní bi olówó rẹ̀ bóyá ó ní TPM.

Tòkunbọ̀ tó ń wọlé nísinsìnyí ti ń yí padà. SSD ti wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, fíláàṣì kò sì ní ohun tí yóò ṣe fún wọn. Ṣùgbọ́n nínú èyí tó tín-ín-rín, tó rẹwà, wọ́n ti jó RAM mọ́ pátákó inú rẹ̀ pátápátá. 4GB tó bá bá wá náà ni yóò fi kú, kò sí ẹnjiníà ní Ọbaléńdé tàbí ní Ìkẹjà tó lè fi òmíràn kún un nírọ̀rùn. Wọn kì í sábà kọ èyí sí ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rà á ní láti béèrè kí ó tó sanwó, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n ṣí ìdí rẹ̀ níwájú òun.